GNOME, Plasma, Cinnamon, Xfce àti COSMIC: èwo ló bá ọwọ́ yín mu?

Dẹ́sítọ́ọ̀pù Linux ni márààrún yìí, ìyẹn ojú tí Linux fi ń kojú yín lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì Super ni mò ń sọ, èyí tí àmì Windows máa ń wà lára rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí GNOME: gbogbo fèrèsé tó wà ní ṣíṣí á sún kẹ́rẹ́, wọ́n á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àpótí ìwákiri á yọ lókè, dọ́ọ̀kì (ìlà áíkọ́ọ̀nù àwọn ètò) á yọ nísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí KDE Plasma tàbí Cinnamon: mẹ́nù á là láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, bí ojú ṣe mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Lórí COSMIC, àpótí kékeré kan á yọ, á máa dúró kí ẹ tẹ orúkọ ohun tí ẹ ń wá sínú rẹ̀. Lórí Xfce pọ́ńbélé ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ rárá, àfi bí àwọn tó di distro yẹn (Linux tí wọ́n ti dì lẹ́rù fún yín) bá ti so bọ́tìnnì náà mọ́ mẹ́nù. Alt+F1 ló ń ṣí mẹ́nù níbẹ̀.

Bọ́tìnnì kan, ìdáhùn mẹ́rin. Firefox kan náà ni ẹ máa lò lórí gbogbo wọn, kernel kan náà, ìyẹn ọkàn Linux, ló wà nísàlẹ̀, fáìlì yín kò sì mọ dẹ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ṣí i. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ti pinnu ohun tí ọwọ́ yín á máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan ti pinnu fún yín, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ yí i padà. Àwọn kan fi gbogbo ìpinnu sílẹ̀ fún yín. Àwọn kan sì rọra di ohun tí ẹ ti mọ̀ mú, kí nǹkan kan má bàa ṣe é. Ìyẹn ni mo fi ń wọ̀n wọ́n níbí yìí, nítorí pé tí ẹ bá wo àwòrán nìkan, gbogbo wọn ló rẹwà.

Distro yàtọ̀ sí dẹ́sítọ́ọ̀pù

Ká tètè mú èyí kúrò lọ́nà. Ubuntu, Fedora, Debian àti Linux Mint, distro ni wọ́n: àwọn ló ń di Linux lẹ́rù, tí wọ́n sì ń gbé update wá. GNOME, Plasma àti àwọn yòókù, dẹ́sítọ́ọ̀pù ni wọ́n: páńẹ́lì, mẹ́nù, ọ̀nà tí fèrèsé ń gbà rìn, ibi ìṣètò, ètò tó ń ṣí fódà. Distro kan lè ní ju dẹ́sítọ́ọ̀pù kan lọ. Mint ń gbé Cinnamon, MATE àti Xfce jáde. Debian á béèrè èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fi í sórí ẹ̀rọ. Fedora Workstation, GNOME ló ń lò, ṣùgbọ́n láti Fedora 42, ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n ti gbé ẹ̀dà Plasma sí ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí distro yín bá tẹ́ yín lọ́rùn, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ni kò wù yín, ẹ má kó kúrò nílé nítorí ọ̀dà ara ògiri.

GNOME: wọ́n ti yàn án fún yín

Miguel de Icaza àti Federico Mena ló dá GNOME sílẹ̀ ní 1997, ṣùgbọ́n GNOME tí a ń rí lónìí, 2011 ni kí ẹ kà sí ọdún tí wọ́n bí i. Ọdún yẹn ni GNOME 3 jáde, tó kó mẹ́nù àti páńẹ́lì ìsàlẹ̀ dà nù. Ariwo ta. Àwọn kan gbé kóòdù GNOME 2 tí wọ́n fẹ́ sin, wọ́n jí i, wọ́n sọ ọ́ ní MATE. Àwọn ará Linux Mint kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún GNOME 3 wọ̀ láṣọ, nígbà tó yá wọ́n yà á sọ́tọ̀, ó di Cinnamon. MATE àti Cinnamon, ọmọ ìjà ni wọ́n.

Ẹ ṣí fèrèsé kan lórí GNOME pọ́ńbélé, kí ẹ wo igun rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún. X nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tó ń gbé fèrèsé pamọ́, kò sí èyí tó ń mú un fẹ̀. Ẹ wo ojú dẹ́sítọ́ọ̀pù: kò sí áíkọ́ọ̀nù kankan, ẹ kò sì lè gbé fáìlì sílẹ̀ síbẹ̀. Dọ́ọ̀kì kì í hàn àfi tí ẹ bá tẹ Super. Èrò wọn ni pé fèrèsé tí ẹ kò lò lọ́wọ́ kò nílò ibi ìpamọ́. Ẹ gbé e lọ sí ojú iṣẹ́ mìíràn (workspace, bí ojú dẹ́sítọ́ọ̀pù kejì), kí ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nìkan wà níwájú yín.

Lórí láptọ́ọ̀pù, èrò yìí dùn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. GNOME 40, tó jáde ní oṣù kẹta 2021, to àwọn ojú iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn dípò kí wọ́n máa gun ara wọn lórí. Ẹ fi ìka mẹ́ta gbá touchpad sókè, gbogbo fèrèsé á hàn. Ẹ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú iṣẹ́ á yí. Ẹ dá ìka dúró láàárín ọ̀nà, òun náà á dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ dá ìka padà, á bá yín padà. Kì í ṣe pé ẹ pàṣẹ kí àwòrán máa sáré lọ fúnra rẹ̀, ìka yín gan-an ló ń fà á. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan lò ó báyìí, tó wá padà sídìí máùsì àti mọ́nítọ̀ méjì, á rí i pé ìdajì adùn náà ti lọ. Máùsì kò ní ìka mẹ́ta.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni GNOME ń jáde, oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Nínú àwọn tó dé kẹ́yìn, GNOME 47 ní 2024 ló jẹ́ kí a lè yan àwọ̀ tí bọ́tìnnì àti àmì máa ní, mẹ́sàn-án ni àwọ̀ náà. Ohun tí Plasma ti ní tipẹ́ nìyẹn, àwọn olólùfẹ́ GNOME sì yọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. GNOME 48, ní oṣù kẹta 2025, ń kó ìfitónilétí tó bá ti ọ̀dọ̀ ètò kan náà wá jọ sójú kan, ó pa fọ́ńtì Cantarell tì, ó gba Adwaita Sans tí wọ́n yọ láti ara Inter, ó sì fi ibi tí ẹ ti lè ní kí bátìrì má gba iná kún àkúnyó sínú Settings, bí ẹ̀rọ yín bá gbà á láyè. GNOME 49, oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, mú ètò fídíò tuntun tó ń jẹ́ Showtime wá, Papers sì gba ipò Evince tí a fi ń ka PDF.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Látìgbà tí libadwaita, àkójọ kóòdù tí àwọn ètò GNOME fi ń ya ojú wọn, ti dé, àwọn ètò GNOME jọ ara wọn bí ìbejì, theme (aṣọ tó ń yí ìrísí padà) tí ẹ bá gbé wá láti ìta kì í sì í wọlé sí wọn lára bọ̀rọ̀. Òfin má-ṣu-má-tọ̀ ni. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń yẹra fún òfin náà ni extension, àfikún kéékèèké tí àwọn ará ìta kọ, ṣùgbọ́n extension kì í ṣe ara ilé. Nígbà tí GNOME 45 yí ọ̀nà tí extension ń gbà pe kóòdù padà ní 2023, gbogbo extension ló di dandan kí ẹni tó kọ ọ́ tún un kọ kó tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Òfin tèmi ni pé bí ẹ bá ti nílò ju extension mẹ́ta lọ kí GNOME tó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ̀yin àti GNOME ń jà ni. Ẹ lọ sí Plasma, kí àlàáfíà wà.

Ẹ kíyè sí i pé GNOME tó wà lórí Ubuntu ti wọ aṣọ mìíràn: dọ́ọ̀kì dúró lápá òsì, àwọn bọ́tìnnì fèrèsé pé, áíkọ́ọ̀nù wà lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ẹni tó fi ojú Ubuntu nìkan mọ GNOME kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tàbí pé ẹ kórìíra rẹ̀, ẹ wò ó lórí Fedora.

KDE Plasma: ẹ̀yin ni kí ẹ yàn

Ní 1996 ni Matthias Ettrich pe àwọn èèyàn jọ sídìí KDE. Plasma 6.0 jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2024, wọ́n kọ́ ọ sórí Qt 6 (àkójọ kóòdù tí wọ́n fi ń ya fèrèsé àti bọ́tìnnì), wọ́n sì yí àwọn nǹkan díẹ̀ tó ti pẹ́ padà. Tẹ́lẹ̀, ìtẹ̀ kan péré ló ń ṣí fáìlì lórí KDE. Àlejò tó bá fẹ́ kàn fọwọ́ kan fáìlì láti yàn án, fáìlì ti ṣí. Plasma 6 sọ ọ́ di ìtẹ̀ méjì. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo mọ̀ tí kò dúró ju ọjọ́ kan lọ lórí KDE nítorí ìtẹ̀ kan yẹn.

Ẹ wo páńẹ́lì Plasma 6 dáadáa. Kò kan etí mọ́nítọ̀. Àlàfo tín-ín-rín wà lábẹ́ rẹ̀, bíi pé ó léfòó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi kò dùn: ọjọ́ ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà igun ìsàlẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń mọ ọ̀nà ẹnu nínú òkùnkùn. Mo máa ń ju máùsì síbẹ̀ láìwò, kí n sì tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé inú àlàfo yẹn ni ìtẹ̀ mi máa já sí báyìí. Mo ju máùsì sí igun, mo tẹ̀ ẹ́, mẹ́nù ṣí. Wọ́n ti jẹ́ kí àlàfo náà máa gba ìtẹ̀ fún bọ́tìnnì tó wà lókè rẹ̀. Tí fèrèsé kan bá sì fẹ̀ kún gbogbo ojú, páńẹ́lì á sọ̀ kalẹ̀, á lẹ̀ mọ́ etí, àlàfo á pòórá. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ pé ẹni tó ya iṣẹ́ kan ń lò ó fúnra rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sì wù yín síbẹ̀, ẹ lè ní kí páńẹ́lì má léfòó mọ́. Plasma ni.

Àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e kò sinmi. Láti 6.1, tí ẹ bá pàdánù àmì máùsì lórí mọ́nítọ̀ ńlá, ẹ mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún, á wú kí ẹ lè rí i. 6.1 yìí náà ló tún ọ̀nà tí a ń gbà ṣàtúnṣe páńẹ́lì ṣe: gbogbo dẹ́sítọ́ọ̀pù á sún kẹ́rẹ́ sáàárín, àwọn irinṣẹ́ á sì wà ní àyíká rẹ̀, wọn ò ní bo ohun tí ẹ ń tún ṣe mọ́lẹ̀. 6.3 mú kí lẹ́tà àti ìlà mọ́ gaara nígbà tí ẹ bá mú ojú mọ́nítọ̀ tóbi sí 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún. 6.4 jẹ́ kí ojú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà pín fèrèsé. 6.5, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2025, lè yí dẹ́sítọ́ọ̀pù sí dúdú lálẹ́, kó dá a padà sí funfun láàárọ̀, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lórí rẹ̀ kò sì hàn nínú àwòrán rárá. Ẹ tẹ Super+V, àwọn ohun tí ẹ kọpí kẹ́yìn á tò síwájú yín, kí ẹ mú èyí tó wù yín. Ẹ tẹ Alt+Space, KRunner á yọ lókè: ó ń ṣí ètò, ó ń ṣírò owó àti ìwọ̀n, ó ń wá fáìlì. KDE Connect sì ń so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ìfitónilétí fóònù á máa wọlé sójú dẹ́sítọ́ọ̀pù, fáìlì á sì máa kọjá láìsí wáyà.

Àléébù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwà rere rẹ̀. Ẹ wọ System Settings torí kí ẹ yí àwọ̀ kan péré padà, kí ẹ tó jáde, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ yí èyí, ẹ yí tọ̀hún, nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta ẹ kò ní rántí èyí tí ẹ yí tó sọ kíbọ́ọ̀dù di aláìgbọràn. Wọ́n fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tó ń fi àmì sára gbogbo ibi tí ẹ ti yí nǹkan kúrò ní bó ṣe wà. Ẹ wá a, ẹ tàn án, ẹ má sì pa á mọ́. Àwọn tó ní Steam Deck, ẹ̀rọ eré tí a ń gbé lọ́wọ́, ti ń lo Plasma láìmọ̀: òun ló wà lẹ́yìn ojú dẹ́sítọ́ọ̀pù rẹ̀.

X11 àti Wayland, torí ó kàn yín

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn tó ń lo Linux, ó sì wà nínú ohun tó yẹ kí ẹ fi yàn. Ọ̀nà méjì tí Linux ń gbà gbé fèrèsé sójú mọ́nítọ̀ ni X11 àti Wayland. X11, láti 1987 ló ti wà. Abẹ́ rẹ̀, ètò èyíkéyìí tó bá ti wọlé lè máa gbọ́ gbogbo lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ sínú ètò mìíràn, títí kan ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn yàrá ni. Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, fi ìlẹ̀kùn sí yàrá kọ̀ọ̀kan: ètò kan kò lè wo òmíràn, bí ẹ bá sì fẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà yín han ẹlòmíì nínú ìpàdé, dẹ́sítọ́ọ̀pù á kọ́kọ́ béèrè fèrèsé tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí. Ó tún jẹ́ kí mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó so láptọ́ọ̀pù tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí kòkòrò mọ́ mọ́nítọ̀ ńlá kan á mọ ìyà tó ń jẹ ojú lórí X11.

GNOME 49 ti pa X11 sílẹ̀ nínú ohun tó ń kọ́ jáde. Plasma ṣì ní in, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n kéde pé Plasma 6.8 kò ní gbé X11 mọ́. COSMIC kò ní in láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò àtijọ́ tí a kọ fún X11 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn nípasẹ̀ XWayland, nítorí náà ẹ má fòyà. Ẹni tó yẹ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì ni ẹni tó ní àwọn irinṣẹ́ tó ń bá a tẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí tó ń sún fèrèsé fún un láti ẹ̀yìn, bíi xdotool. Ìlẹ̀kùn yàrá ti dí àwọn yẹn lọ́nà.

Cinnamon: ilé tí ẹ ti mọ̀

Ẹni tó ti inú Windows ń bọ̀, tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun máa lọ láì kọ́ nǹkan tuntun, Cinnamon ni mo máa ń fà lé lọ́wọ́, n kì í sì í pe ìyẹn ní ìmọ̀ràn ọ̀lẹ. Páńẹ́lì wà nísàlẹ̀, mẹ́nù wà lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, fèrèsé ní bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀: ibi ìṣètò rẹ̀ ju ti GNOME lọ, kò sì tó ìdajì ti Plasma. Nemo tó ń ṣí fódà dára gan-an. Ẹ tẹ F3, á pín sí méjì, fódà kan lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, kí ẹ máa fa fáìlì kọjá.

Cinnamon 6.4, tó wá pẹ̀lú Mint 22.1, tún ojú rẹ̀ ṣe, ó dúdú sí i, igun rẹ̀ rọ̀, ó sì mú ìmọ́lẹ̀ alẹ́ tó ń dín àwọ̀ búlúù kù wá. GNOME àti Plasma ti ní ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí Cinnamon ṣe ń rìn nìyẹn, ó máa ń dé, kì í sì í sáré. Wayland rẹ̀ wọlé fún ìdánwò ní Cinnamon 6.0, X11 ló ṣì ń bá yín ṣí bí ẹ kò bá sọ ohun kan. Ẹni tó ní mọ́nítọ̀ méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba máa jìyà díẹ̀ níbí. Àwọn yòókù kò ní mọ̀ rárá. Mint 22 sì dúró lórí Ubuntu 24.04, ó ní àtìlẹ́yìn títí di 2029.

Xfce àti ẹ̀rọ tó ti dàgbà

4.12 ní 2015, 4.14 ní 2019, 4.16 ní 2020, 4.18 ní 2022, 4.20 ní oṣù kejìlá 2024. Ẹ ka àwọn ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ti mọ Xfce nìyẹn. Ẹni tó lò ó ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè jókòó sídìí rẹ̀ lónìí kó máa bá iṣẹ́ lọ. 4.18 jẹ́ kí Thunar lè pín sí méjì bíi Nemo, 4.20 sì mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí Wayland, ṣùgbọ́n xfwm4 tó ń darí fèrèsé kò tíì kọjá sọ́hùn-ún. Labwc tàbí Wayfire ni wọ́n ní kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ dán an wò.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹ fi Xfce sórí ẹ̀rọ àtijọ́, á di tuntun. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Dẹ́sítọ́ọ̀pù á fúyẹ́ lóòótọ́, mẹ́nù á yára. Ẹ wá ṣí Firefox, kí ẹ ṣí táàbù ogún. Táàbù ogún yẹn kò mọ̀ pé Xfce ni ẹ ń lò. Lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, Xfce á fi ààyè díẹ̀ sí i sílẹ̀ fún browser, ìyẹn nìkan náà ni. Bí hard disk tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, SSD tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ á ṣe ju ohun tí dẹ́sítọ́ọ̀pù èyíkéyìí lè ṣe lọ.

LXQt wà fún ẹ̀rọ tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, MATE sì wà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára GNOME 2. Mi ò ní fi wọ́n gba àkókò yín.

COSMIC: ọmọ tuntun

System76, ilé iṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpútà Linux ní Denver, Amẹ́ríkà, ló kọ COSMIC. Tẹ́lẹ̀, GNOME tí wọ́n fi extension tún ṣe ni wọ́n ń pe orúkọ yẹn. Nígbà tó yá wọ́n jáde kúrò nínú ilé onílé, wọ́n fi èdè Rust kọ́ tiwọn láti ìpìlẹ̀. Ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹjọ 2024, èyí tó dúró ṣinṣin sì bá Pop!_OS 24.04 jáde ní oṣù kejìlá 2025.

Ohun tó ní tí àwọn yòókù kò ní bẹ́ẹ̀ ni pé pípín fèrèsé wà lára rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ tẹ Super+Y, gbogbo fèrèsé tó wà lójú iṣẹ́ yẹn á to ara wọn láì gun ara wọn lórí. Ẹ tún un tẹ̀, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe ń léfòó tẹ́lẹ̀. Ojú iṣẹ́ kan lè máa pín, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa léfòó. Ẹ tún lè kó fèrèsé mẹ́ta sínú ọ̀kan, kí wọ́n di táàbù bíi ti browser. Ẹni tó ti ń wo àwọn tó ń lo Sway tàbí Hyprland (àwọn ètò tó ń pín fèrèsé fúnra wọn) tìlara-tìlara, àmọ́ tí kò fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì kọ fáìlì ìṣètò, ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn nìyí. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ẹ ó rí ibi tí bọ́tìnnì kan yẹ kó wà tí kò sí. N kò ní fi í sórí ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun báyìí, ṣùgbọ́n mo ń ṣí i lóṣooṣù láti wo ibi tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ rí márààrún pa pọ̀:

| Dẹ́sítọ́ọ̀pù | Ta ló ń pinnu? | Wayland | Ibi tó ti dùn jù |
|---|---|---|---|
| GNOME | àwọn tó kọ ọ́ | òun nìkan ní 49 | láptọ́ọ̀pù tó ní touchpad gidi |
| Plasma | ẹ̀yin | òun ló ń bá yín ṣí | mọ́nítọ̀ ńlá tàbí méjì, eré orí kọ̀ǹpútà |
| Cinnamon | àṣà tí ẹ bá wá | ìdánwò | ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú Windows dé |
| Xfce | ẹ̀yin, díẹ̀díẹ̀ | ìdánwò | ẹ̀rọ àgbà, ẹni tí kò fẹ́ ìyípadà |
| COSMIC | ẹ̀yin, bó ṣe ń dàgbà | òun nìkan | ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù darí fèrèsé |

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Èmi fúnra mi, méjì ni mò ń lò. Plasma wà lórí kọ̀ǹpútà tó jókòó lórí tábìlì, nítorí mọ́nítọ̀ méjì àti Super+V. GNOME wà lórí láptọ́ọ̀pù, nítorí ìka mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, Plasma ni, torí pé Plasma lè fara wé GNOME dé àyè kan, GNOME kò sì ní fara wé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń yàn án fún ẹlòmíì, òbí yín tàbí ẹnìkan tí yóò máa pè yín lórí fóònù nígbà tí nǹkan bá sọnù, ọ̀rọ̀ yí padà: Cinnamon ni. Nígbà tó bá sọ pé òun kò rí mẹ́nù mọ́, ẹ ó lè sọ pé ó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ó sì máa wà níbẹ̀. Lórí Plasma, òun fúnra rẹ̀ ti lè fa páńẹ́lì lọ sókè láìmọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í dán wò títí di ọjọ́ tó bá pọn dandan: bí ẹ ṣe máa fi àmì sórí lẹ́tà àti sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ èdè tó ní àmì ohùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ibi ìṣètò kíbọ́ọ̀dù kó tó gba dẹ́sítọ́ọ̀pù kankan. Lórí GNOME, inú Settings, lábẹ́ Keyboard, ni ẹ ti máa yan bọ́tìnnì Compose, èyí tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà. Lórí Plasma, ó wà, ṣùgbọ́n àárín àwọn ohun tó pọ̀ bí yanrìn ni ẹ ti máa wá a.

Ẹ kọ́kọ́ fi USB ṣí i láì fi í sórí ẹ̀rọ, kí ẹ fi wákàtí kan ṣe iṣẹ́ yín gidi lórí rẹ̀: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ṣí fódà méjì, ẹ fa fáìlì láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ẹ so mọ́nítọ̀ kejì bí ẹ bá ní in. Bí ẹ bá sì fẹ́ ní méjì lórí ẹ̀rọ kan, ó ṣeé ṣe, ibi tí ẹ ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni ẹ ti máa yan èyí tó máa ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀dá àkáǹtì tuntun lórí ẹ̀rọ fún èyí tí ẹ ń dán wò. Inú fódà .config tó wà nínú home yín ni ọ̀pọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù ń kọ ìṣètò wọn sí, wọn kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ara wọn: Plasma á yí theme àwọn ètò GTK (irú èyí tí GNOME àti Cinnamon ń lò), ẹ ó padà sí Cinnamon, ẹ ó rí i pé àmì máùsì àti fọ́ńtì ti di ti ẹlòmíì. Nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, bó bá bàjẹ́, ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́, ọ̀rọ̀ tán.